Kétu Ni Mo Ti Wá, Kì Í Ṣe Kútọnu

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí nígbà tí mo fi Kétu sílẹ̀, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ níbi tí èdè Faransé ti jọba, tí mo wá ń gbé ní Ilé-Ifẹ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ìṣirò ni mo fi èdè Faransé kọ́ àwọn ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí kọ̀ǹpútà sì dé ilé ẹ̀kọ́ wa, tí àwọn olùkọ́ yòókù ń sá fún un bí ẹni rí ejò, èmi ni wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ yàrá náà fún. Ọkọ mi ti di olóògbé. Ọmọ mi kan ṣoṣo fẹ́ ará Ifẹ̀, Òkè-Ògbó ni wọ́n ń gbé, ó sì ní òun kò fẹ́ kí n máa dá gbé mọ́. Bí mo ṣe di ará òkèèrè nìyẹn. Ọ̀nà náà kò jìn, n kò sì ní fi ìròyìn ọkọ̀ dá yín lágara.

Àwọn tó lọ sí ìlú òyìnbó máa ń sọ pé òtútù ló kọ́kọ́ gbá àwọn létí. Ní tèmi, ìkíni ni.

"Ẹ káàbọ̀ sílé, Màmá! Ṣé ẹ mọ̀ pé Ifẹ̀ ni gbogbo wa ti wá?"

Mo ní mo mọ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ ọ́ fún wa ní Kétu pé Ifẹ̀ ni baba ńlá wa ti jáde.

"Ẹ̀hẹ́n! Ilé yín nìyí o. Ẹ fara balẹ̀."

Kí n tó fi ìdí kan àga, ẹnì kan náà á tún béèrè: "Ìgbà wo wá lẹ máa padà sí ìlú yín?"

Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo ti gba orúkọ tuntun. Wọ́n ń pè mí ní Ìyá Kútọnu. Kútọnu wà létí òkun, níbi tí wọ́n ti ń ta àlòkù mọ́tò. Kétu wà nínú ilẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀. Ẹni tó bá mọ Èdúnàbọ̀n, ìlú kékeré ẹ̀bá Ifẹ̀ níhìn-ín, kò ní pè é ní Èkó. N kò bínú sí wọn ṣá. Mo ń tún un ṣe gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń tún iṣẹ́ ọmọ kíláàsì kìíní ṣe.

"Kétu ni, kì í ṣe Kútọnu."

"Ha, ẹ má bínú, Ìyá Kútọnu."

Ohùn mi náà di ẹ̀rín. Bí mo bá sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ọlọ́jà á pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó wá gbọ́. Lọ́jọ́ tí mo ṣèèṣì pe búrẹ́dì ní orúkọ tí àwọn Faransé ń pè é, obìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu títí mo fi sanwó tán. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń rẹ́rìn-ín yìí, bí wọ́n bá wọ inú agboolé wọn ní àdúgbò Ìrẹ́mọ̀, èdè Ifẹ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ, ará Ọ̀yọ́ tó bá jókòó síbẹ̀ kàn ń mi orí lásán ni. Kò sẹ́ni tó ń fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Onílé kì í ní ohùn àjèjì.

Ohun tó le jù ni ìsinmi. Ọmọlúàbí ni àna mi. Yunifásítì ló ti ń ṣiṣẹ́, kì í sì í jáde láàárọ̀ láì dọ̀bálẹ̀ kí mi. Lẹ́yìn náà ni yóò wá pa àṣẹ: "Màmá, ẹ sinmi o. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan." Bí mo bá gbé ìgbálẹ̀, ọmọ mi á gbà á. Bí mo bá wọ ilé ìdáná, wọ́n á gbé àga jáde fún mi. Mo sinmi títí gbogbo ara fi ń ro mí. Ẹni tó ti fi ayé rẹ̀ sọ fún àwọn ẹlòmíràn pé "ẹ jókòó", kò rọrùn fún un kí wọ́n máa sọ fún òun náà pé "ẹ jókòó".

Àbẹ̀kẹ́, àbúrò mi, máa ń pè mí láti Kétu ní ọjọ́ Àìkú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, báwo ni Nàìjíríà? Gbogbo ará ilé ní mo gbọ́dọ̀ bá àwọn kí yín. Mo ti sọ fún wọn pé ẹ ti di ńlá."

"Mo ti di ńlá lóòótọ́. Oúnjẹ àna mi pọ̀."

"Ṣé wọ́n ti gbà yín bí ọmọ ilé?"

"Wọ́n gbà mí bí àlejò tó pẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín títí owó rẹ̀ fi tán lórí fóònù. Lẹ́yìn tó lọ tán, mo jókòó, mo ń wo ògiri. Ó ti mọ́ tónítóní. Wọn kò jẹ́ kí n nù ún.

Nígbà tó yá, mo rí iṣẹ́. Ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba dá ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní Ìrẹ́mọ̀, lókè ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì kan. Dáírẹ́kítọ̀ ni gbogbo ènìyàn ń pè é, títí kan ìyàwó rẹ̀. Ó ní kí n máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Faransé, nítorí pé wọ́n ń lọ sí Kánádà. Mo mú ẹfun mi, mo lọ dúró níwájú pátákó. Ẹnikẹ́ni kò wá. Àwọn tó ń lọ sí Kánádà ti lọ. Àwọn tó kù wà ní yàrá kejì, wọ́n ń kọ́ Linux kí iṣẹ́ Kánádà lè wá bá wọn nílé. Èmi náà bá kó àga mi, mo lọ jókòó sẹ́yìn wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti fẹ́ sá. Linux jẹ́ ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà. Òun ló wà nídìí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ńlá tí íńtánẹ́ẹ̀tì gbára lé. Ẹni tó bá ń kọ́ ọ gbọ́dọ̀ ba nǹkan jẹ́, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Ṣùgbọ́n kò yẹ kó jẹ́ kọ̀ǹpútà tí bàbá rẹ̀ ta ilẹ̀ rà fún un ni yóò bà jẹ́. Nítorí náà, a máa ń dá kọ̀ǹpútà mìíràn sínú kọ̀ǹpútà náà, èyí tí kò ní ara, tí kò ní wáyà. Àwọn ọmọ ń pè é ní VM. Ojú fèrèsé kan ló máa ń hàn lórí rẹ̀. Bí ó bá bàjẹ́, a ó pa á rẹ́, a ó dá òmíràn. Ìbá dára bí ènìyàn bá lè ṣe gbogbo àṣìṣe ayé rẹ̀ báyìí.

Múyìíwá ni olùkọ́ yàrá náà. Ọmọ àbúrò Dáírẹ́kítọ̀ ni, ọ̀dọ́kùnrin tó gbọ́n, tó lẹ́nu, tó sì mọ Linux dáadáa. Ìyọnu rẹ̀ ni pé ọwọ́ ló fi ń to VM kọ̀ọ̀kan. Yóò lọ bá ọmọ kan, yóò dáhùn gbogbo ìbéèrè tí ẹ̀rọ ń bi í, yóò tẹ ibí, yóò tẹ ọ̀hún, yóò sì sún sọ́dọ̀ ẹni kejì. Ní ibì kan yóò gbàgbé láti so ó mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì. Ní òmíràn yóò ṣi orúkọ kọ. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kìíní bá fi parí, VM méjì kò ní jọra nínú yàrá náà.

"Bùrọ̀dá Múyìíwá, tèmi ti dúró o!"

"Bùrọ̀dá, tèmi ò mọ orúkọ mi!"

Yóò máa sáré káàkiri bí agbẹ̀bí, òógùn á bo ojú rẹ̀, inú rẹ̀ á sì máa dùn. Mo wò ó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì yé mi. Bí gbogbo ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, ta ni yóò máa pe Múyìíwá?

Bí ọ̀sẹ̀ náà ṣe parí, Dáírẹ́kítọ̀ pè mí sí ọ́fíìsì.

"Madáàmù, ẹ ò ní akẹ́kọ̀ọ́. A ó ti kíláàsì Faransé. Ẹ lọ sinmi."

Ọ̀rọ̀ ìsinmi yẹn ló ta mí jí. Mo rí pálọ̀ àna mi níwájú mi, àti àga yẹn, àti ògiri.

"Ẹ fún mi ní kíláàsì àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ Linux," ni mo wí.

Múyìíwá wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Kútọnu! Linux kì í ṣe bọ́ńjúù o!"

"Kétu ni," ni mo wí. Mo kọjú sí Dáírẹ́kítọ̀. "Sà, lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ tuntun bá wọlé, mo lè mú kí VM gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n rí bákan náà, kí ẹnikẹ́ni má sì dìde lórí ìjókòó."

"Ohun tó ń gba Múyìíwá ní odindi ọ̀sẹ̀?"

"Wọ́n á ti dìde kí ẹ tó parí ọ̀rọ̀ ìkíni yín."

Múyìíwá sáré fi ikọ́ bo ẹ̀rín. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkíni Dáírẹ́kítọ̀ rí mọ̀ pé ènìyàn lè gbin ẹ̀fọ́ kó sì já a kó tó parí. Dáírẹ́kítọ̀ nìkan ni kò mọ̀. Ó rò pé mo ń yẹ́ òun sí.

"Ó dáa," ó ní. "Bí wọ́n bá dìde tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ kí n tó parí, kíláàsì di tiyín. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ máa lọ bá àna yín."

Ọgbọ́n tí mo fẹ́ dá kì í ṣe idán. Láti Kétu ni mo ti ń ṣe é. Dípò kí ènìyàn máa fi ọwọ́ to ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lè kọ gbogbo ohun tó fẹ́ sínú fáìlì kan ṣoṣo: orúkọ ẹ̀rọ, bí ìrántí rẹ̀ ṣe máa tóbi tó, àwọn irinṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, ẹni tí yóò wọlé àti páásíwọọ̀dù rẹ̀. Ẹni tó bá gba fáìlì náà kàn máa tẹ àṣẹ kan, VM á sì to ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ bí a ṣe kọ ọ́. Ó dà bí ìgbà tí a bá ń rán ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í gbàgbé, tí kì í sì í jiyàn. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà alágbèéká mi tí mo gbé láti Kétu, mo kọ fáìlì náà, mo dán an wò, mo pa á rẹ́, mo tún dán an wò. Mo fi "ife" ṣe orúkọ ẹni tí yóò wọlé, mo fi "iremo" ṣe páásíwọọ̀dù, kí inú onílé lè dùn. Kò kọsẹ̀ rárá.

Ọjọ́ pé. Yàrá kún. Bùkọ́lá, ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú, bá mi pín fíláàṣì tí fáìlì náà wà nínú rẹ̀ káàkiri. Dáírẹ́kítọ̀ wọ kóòtù, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n bí i.

Mo gbé ọwọ́ sókè. Àwọn ọmọ tẹ àṣẹ náà. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí sáré lójú kọ̀ǹpútà gbogbo wọn, bí òjò orí páánù. Dáírẹ́kítọ̀ ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí VM àkọ́kọ́ dìde. Òmíràn tẹ̀ lé e. Kó tó gba ìwé ẹ̀rí oníwèé mẹ́wàá, gbogbo yàrá ti dìde, ìlà kan náà, orúkọ kan náà, bí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lórí ìlà láàárọ̀. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Dáírẹ́kítọ̀ rò pé tòun ni, ó tẹrí ba.

"Ó yá, ẹ wọlé," ni mo wí. "Orúkọ ni 'ife'. Páásíwọọ̀dù ni 'iremo'."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ kọ̀.

"Màmá, ó ní kò tọ́."

"Tèmi náà ní kò tọ́."

"Tèmi náà o!"

Múyìíwá na ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde bí ẹni tó ń gbatẹ́gùn. "Ó dára. Wọ́n rí bákan náà lóòótọ́. Kò sí èyí tó ṣiṣẹ́."

Ẹ̀rín sọ. Ṣùgbọ́n mo ti jẹ́ olùkọ́ pẹ́ tó láti mọ̀ pé nígbà tí gbogbo kíláàsì bá kọ ìdáhùn kan náà tí kò tọ́, kì í ṣe àwọn ọmọ ni kí ènìyàn wò. Páásíwọọ̀dù kì í hàn lójú bí a bá ń tẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Bùkọ́lá, tẹ 'iremo' síbi orúkọ, kí a lè rí i."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ohun tó jáde ni "ire,o". Ó tẹ m, ẹ̀rọ gbọ́ kọ́mà.

Mo wo kíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Mo wo tèmi. Múyìíwá, tí kì í ṣe òmùgọ̀, ti yọjú sẹ́yìn mi. Ó gbé kọ̀ǹpútà mi sókè fún gbogbo yàrá.

"Ẹ wá wo nǹkan! A ló wà níbi tí Q yẹ kó wà! Kíbọ́ọ̀dù Faransé ni Màmá kọ sínú fáìlì! Ìyá Kútọnu ti sọ gbogbo ẹ̀rọ wa di ará Kútọnu!"

Òótọ́ ni. Àwọn Faransé kò to àwọn lẹ́tà bí àwọn Amẹ́ríkà ṣe tò ó. Láti ọjọ́ tí mo ti ń lo kọ̀ǹpútà, kíbọ́ọ̀dù Faransé ni mo mọ̀, òun ni mo sì kọ síbẹ̀ láì ronú, bí ènìyàn ṣe ń lo ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ̀rọ gbogbo yàrá ti jí pẹ̀lú ohùn mi lẹ́nu. Àwọn ọmọ ń lu tábìlì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Dáírẹ́kítọ̀ mi orí pẹ̀lú àánú. "Madáàmù, kíbọ́ọ̀dù tiyín kò nọ́málì. Tiwa ló nọ́málì."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, sà?" ni mo wí. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnì kan fi ẹ̀ hàn mí lórí èyí tó nọ́málì. Ẹ̀ tó wà ní ìparí Ifẹ̀."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wá a. Bùkọ́lá tẹ orí ba kíbọ́ọ̀dù bí ẹni tó ń ṣa ìrẹsì.

"Ọ̀ ńkọ́? Ṣ ńkọ́?"

Ìka wọn rìn káàkiri kíbọ́ọ̀dù, wọn kò rí ọ̀kankan.

"Ní Ilé-Ifẹ̀ níhìn-ín, níbi tí gbogbo wa ti wá, kò sí kíbọ́ọ̀dù kan nínú yàrá yìí tó lè kọ Ifẹ̀ láì wá ọgbọ́n mìíràn dá. Àwọn Faransé ló to tèmi. Ó tiẹ̀ ní àmì ohùn díẹ̀ lórí. Àwọn Amẹ́ríkà ló to tiyín. Aṣọ àyálò ni gbogbo wa wọ̀. Kí ẹnì kan má pe tirẹ̀ ní awọ ara." Lẹ́yìn náà ni mo yíjú sí Dáírẹ́kítọ̀, mo sì fi ohùn tó rọ̀ jù lọ bi í: "Sà, ṣé ẹ ti parí ọ̀rọ̀ ìkíni yín?"

Múyìíwá mọ ohun tí ìbéèrè náà túmọ̀ sí. Ó ń ṣẹ́jú sí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ pé kó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ta ló lè ní kí Dáírẹ́kítọ̀ jẹ́wọ́ pé òun ti parí?

"Parí kẹ̀? Mi ò tíì dé orí ìdí tí mo fi dá ilé ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀."

"Ẹ máa bá a lọ, sà. Ọ̀rọ̀ yín ń ṣe wá láǹfààní."

Ó tún kóòtù rẹ̀ ṣe, ó bá a lọ. Mo ṣí fáìlì náà, mo yí ìlà kan ṣoṣo padà. Fíláàṣì tún káàkiri. Àwọn ọmọ pa VM wọn rẹ́, wọ́n tún tẹ àṣẹ náà. Dáírẹ́kítọ̀ kò tíì dárúkọ ẹni tó bá a wá yàrá náà nígbà tí gbogbo wọn tún dìde.

"Ó wọlé!" ni Bùkọ́lá kígbe. "Màmá, ó ti wọlé!"

Láti ẹ̀yìn yàrá títí dé iwájú, wọ́n ń wọlé. Dáírẹ́kítọ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà, ó gbìyànjú láti yẹ àdéhùn wa. "Ṣùgbọ́n, Madáàmù, bí fáìlì bá ti ń ṣe iṣẹ́ náà, kí la tún nílò olùkọ́ fún?"

"Títo ẹ̀rọ kọ́ ni ẹ̀kọ́, sà. Ẹ̀rọ ti dìde. Níbi tí wọ́n máa ń dé ní ọ̀sẹ̀ kejì ni a wà báyìí, oòrùn kò sì tíì mú."

Ó fún mi ní kíláàsì náà. Mo sọ fún àna mi nírọ̀lẹ́ pé kó wá ẹlòmíràn tí yóò máa bá a sinmi.

Lọ́jọ́ kan, Múyìíwá wá dúró ti tábìlì mi.

"Màmá, tó bá jẹ́ èmi ni mo ṣe àṣìṣe yẹn, màá lọ tún un ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan ni."

"Tó bá jẹ́ ìwọ ni, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àṣìṣe náà ìbá jẹ́. Tèmi jẹ́ ẹyọ kan, ó wà lójú kan, ìdí nìyẹn tó fi yá láti wò sàn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó wolẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ kọ́ mi ní Faransé."

"O ń lọ sí Kánádà?"

Ó mi orí pé rárá. "Mo rí iṣẹ́ ni. Ní Kútọnu."

Ẹ dárí jì mí. Mo rẹ́rìn-ín débi pé Bùkọ́lá sáré wọlé wá wò bóyá nǹkan ṣe mí. Lẹ́yìn náà ni mo nu ojú mi, mo ní kó jókòó, a sì bẹ̀rẹ̀ láti bọ́ńjúù. Òun ni akẹ́kọ̀ọ́ Faransé kan ṣoṣo tí mo ní ní Ifẹ̀, ó sì ṣe dáadáa.

Ó pè mí lẹ́yìn tó débẹ̀.

"Màmá, wọ́n ń pè mí ní Èkó níbí o! Mo ní Ifẹ̀ ni mo ti wá. Wọ́n ní, 'Ẹ má bínú, Èkó.'"

"Ó mà ṣe o. Kíbọ́ọ̀dù wọn ńkọ́? Ṣé ó nọ́málì?"

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń fi ohùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ó nọ́málì fún wọn, mà."

"Ó ti yé ọ. Bí o bá ń kọjá lọ́nà Kétu, bá mi kí Àbẹ̀kẹ́."

Mo ṣì wà ní Ifẹ̀. Wọ́n ṣì ń kí mi káàbọ̀ sílé, wọ́n ṣì ń bi mí pé ìgbà wo ni n ó padà, mo sì ṣì jẹ́ Ìyá Kútọnu fún wọn. Bí mo ṣe ń tún un ṣe náà ni mo ń tún un ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ kà á débí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀kọ́ yìí bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ iṣẹ́ yín síbi tí ẹ ti lè rí àṣìṣe rẹ̀, kí ẹ lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan fún gbogbo ènìyàn. Bí ohun tí àlejò gbé wá bá sì kọ̀ láti gbọ́ ọwọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tó ti kọ́ ọ̀rọ̀ kí ẹ tó rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Kútọnu ń kún lójoojúmọ́.